Ṣé inú igi kọ́ ni kẹ́mó ti wá? Ọ̀rọ̀ Màmá mi ni mo gbé wá

ỌmọAjílété

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé, lápá Òkè Àńlà. Kókó kan yọ sí Màmá mi lọ́yàn. Ọsibítù ti gé ẹran díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, èsì sì jáde pé jẹjẹrẹ ọyàn ni. Ó ti dé abíyá, ṣùgbọ́n wọn ò rí i níbòmíì. Dókítà ní kẹ́mó, ìyẹn àwọn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà kí kókó náà lè sún kì, kí iṣẹ́ abẹ tó tẹ̀lé e. Oògùn mẹ́ta ló wà nínú ìwé: doxorubicin, cyclophosphamide àti paclitaxel. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ló wá ní ká dúró ná. Wọ́n ní àwọn gbọ́ lórí rédíò pé inú igi ni wọ́n ti ń yọ oògùn jẹjẹrẹ, pé bí igi bá wà nílé, kí la fẹ́ máa náwó lé abẹ́rẹ́ lórí fún? Wọ́n ti gbé àgbo inú jálá méjì wá láti ọjà. Bí wọ́n ṣe sọ, ewúro, orógbó àti egbò oríṣiríṣi ló wà nínú rẹ̀. Màmá fẹ́ràn wọn púpọ̀, wọn ò fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ẹ̀rù kẹ́mó náà sì ń bà wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé: ṣé òótọ́ ni pé inú igi ni àwọn oògùn yìí ti wá? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí a ò lè se igi náà mu? Mi ò fẹ́ fi ẹnu lásán dá àgbà lóhùn.

BàbáÌjẹ̀rù

Ọmọ mi, Ọlọ́run á wo Màmá sàn. Àbúrò bàbá rẹ kò purọ́. Kí ọsibítù tó dé ìlú yìí, kí ni àwọn bàbá wa ń lò? Mo ti ń mu omi ewúro láti kékeré. Orín àtà ni mo máa ń rin láràárọ̀, eyín mi ṣì pé. Ewé wa ni wọ́n ń kó lọ, tí wọ́n ń dà á sínú ìgò, tí wọ́n ń tà á padà fún wa lówó gọbọi. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ewé níwájú rẹ.

ApòògùnSábó

Bàbá, mo kí yín o. ỌmọAjílété, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Iṣẹ́ apòògùn ni mo ń ṣe, mo sì ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po kẹ́mó. Ẹ jẹ́ kí n mú àwọn oògùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí inú ìtàn wọn ni ìdáhùn yín wà.

Paclitaxel, inú igi ló ti wá lóòótọ́. Taxus brevifolia ni igi náà ń jẹ́, apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ló ti ń hù. Ní 1962, ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ewéko jọ láti wá èyí tó lè bá jẹjẹrẹ jà, Arthur Barclay tó jẹ́ onímọ̀ ewéko sì bó èèpo igi yìí wá láti ìpínlẹ̀ Washington. Monroe Wall àti Mansukh Wani ní North Carolina ló yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ kúrò lára èèpo náà, wọ́n sì tẹ bó ṣe rí jáde ní 1971. Ní 1979, Susan Horwitz ní New York fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Bí sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn hóró tín-ín-tín-ín tó para pọ̀ di ara wa, bá fẹ́ pín sí méjì, ó máa ń na àwọn okùn tín-ín-tín-ín sínú ara rẹ̀ láti fi fa ẹrù rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, yóò sì tú wọn nígbà tó bá ṣe tán. Paclitaxel máa ń dì mọ́ okùn yẹn, kò ní ṣeé tú mọ́. Sẹ́ẹ̀lì náà á há sáàárín, á sì kú. 1992 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i fún ìtọ́jú aláìsàn ní Amẹ́ríkà. Ọgbọ̀n ọdún ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n bó èèpo àti ọjọ́ tó di oògùn.

Kí ló dé tí a ò lè se é mu? Májèlé mìíràn wà nínú igi yẹn kan náà, taxine ni wọ́n ń pè é, ó máa ń dá ọkàn dúró. Màlúù tó bá jẹ ewé àwọn igi Taxus lè ṣubú kú lójú ẹsẹ̀, ó sì ti pa ènìyàn rí. Paclitaxel ní tirẹ̀, ìfun kì í gbà á dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fà á sínú iṣan. Ẹni tó bá se èèpo náà mu, oró tó ń dá ọkàn dúró ni yóò wọ̀ ọ́ lára, oògùn tó ń wá kò ní dé ibi tí kókó wà. Ọ̀tọ̀ ni èèpo, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n yọ nínú èèpo tí wọ́n sì wọ̀n.

Ìṣòro mìíràn tún yọjú: èèpo kò tó. Igi tí wọ́n bá bó, kíkú ló ń kú. Pierre Potier àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Faransé rí i pé ìbátan oògùn náà wà nínú ewé Taxus ti ilẹ̀ Yúróòpù, ewé tí ènìyàn lè já tí yóò tún hù. Robert Holton ní Florida sì wá ọ̀nà tó dára láti sọ ohun inú ewé náà di paclitaxel nínú láàbù. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí oògùn náà tó dé ọ̀dọ̀ àwa náà.

Doxorubicin, inú ilẹ̀ ló ti wá. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n rí nínú iyẹ̀pẹ̀ ní Ítálì ló ń ṣe é. Òun ni oògùn pupa tí ẹ máa rí lọ́jọ́ Ajé. Ìtọ̀ Màmá lè pọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ó lè ba ọkàn jẹ́ bó bá pọ̀ jù, nítorí náà ìwọ̀n kan wà tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ gbà kọjá ní gbogbo ayé rẹ̀. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n ti yẹ ọkàn Màmá wò.

Cyclophosphamide kò mọ igi rí. Ọmọ ìyá gáàsì olóró ogun ni. Àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé gáàsì náà máa ń jẹ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ run, ní 1942 ní Yale wọ́n sì lo ìbátan rẹ̀ fún aláìsàn tó ní jẹjẹrẹ. Àwọn ará Jámánì ló wá ṣe cyclophosphamide ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ṣe é lọ́nà tó jẹ́ pé inú ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló ti ń di ohun tó ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, bí àbúrò bàbá yín bá béèrè: ọ̀kan láti inú igi, ọ̀kan láti inú iyẹ̀pẹ̀, ọ̀kan láti ọwọ́ ènìyàn. Ohun tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé a mọ ìwọ̀n tí yóò pa jẹjẹrẹ, a mọ ibi tí yóò ti pa ènìyàn lára, a sì mọ àyẹ̀wò tí yóò kìlọ̀ fún wa.

BàbáÌjẹ̀rù

Apòògùn, ẹ ṣeun, ẹ sọ ọ́ yé mi. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà, Ítálì, Jámánì, Faransé ni mo ń gbọ́. Ṣé ilẹ̀ Yorùbá kò ní tirẹ̀ ni? Àbí wọn ò wò ó?

LáàbùUnderG

Bàbá, ẹ kú ọjọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ni mí níbí, ẹ̀kọ́ ìwé-ẹ̀rí kejì ni mo ń ṣe, lórí ewé máńgòrò. Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi, torí wọ́n ti wò ó.

Orín àtà tí ẹ ń rin láràárọ̀, Fagara zanthoxyloides ni ìwé àtijọ́ ń pè é. Ní 1972, àwọn onímọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn yọ nǹkan kan tí wọ́n sọ ní fagaronine lára rẹ̀, ó sì bá jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ jà lára eku. Ewúro náà, 1969 ni Kupchan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ vernodalin àti vernomygdin jáde, nǹkan méjì tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo láàbù. Orógbó ní kolaviron. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fi hàn pé ó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ eku lọ́wọ́ oró aflatoxin, oró tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Máńgòrò tó kún ìlú wa ní mangiferin. Kajú ní anacardic acid nínú èèpo èso rẹ̀.

Gbogbo wọn ló wà nínú ìwé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì di oògùn jẹjẹrẹ tí dókítà lè kọ fún aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà bí wọ́n bá ka ìròyìn pé ewé kan ń pa jẹjẹrẹ.

Bí mo bá já ewé, màá sá a sí ibòòji, màá lọ̀ ọ́, màá rẹ ẹ́ sínú methanol, irú ọtí kan tí a ń lò ní láàbù, màá fa methanol náà kúrò títí yóò fi ku nǹkan tó ki bí ọ̀dà. Nǹkan tó wà nínú ọ̀dà yẹn lé ní ọgọ́rùn-ún. Màá wá máa yà wọ́n sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀, màá sì máa dán ìpín kọ̀ọ̀kan wò lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí a ń sìn nínú àwo. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kú, inú mi á dùn, ṣùgbọ́n kò tíì sí oògùn níbẹ̀. Omi gbígbóná náà ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo. Ìbéèrè tó kù ló pọ̀: ṣé ó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá náà? Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kó tó ṣiṣẹ́, ṣé ìwọ̀n yẹn sì lè dé inú ẹ̀jẹ̀ bí ènìyàn bá mu ún? Ṣé ẹ̀dọ̀ kò ní fọ́ ọ túútúú kó tó dé ibi tí kókó wà? Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú àwo pọ̀ jáǹrẹrẹ. Èyí tó ṣiṣẹ́ lára eku kéré sí i. Èyí tó ṣiṣẹ́ lára ènìyàn, tí kò sì pa á lára ju bó ṣe wò ó lọ, ṣọ̀wọ́n.

Iṣẹ́ náà ń dùn mí nígbà tí iná bá lọ tí sẹ́ẹ̀lì tí a ti ń sìn bọ̀ bá bàjẹ́. Síbẹ̀ mo gbà gbọ́ nínú rẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n já ewé máńgòrò tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀ fún Màmá ẹnikẹ́ni pé kó fi rọ́pò paclitaxel.

Àdùkẹ́ỌmọLẹ́kulẹ́jà

Màmá mi ń ta ewé àti egbò ní Arówómọlé, ìyá wọn ló kọ́ wọn. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún wọn, wọ́n sì ní kí n fi tiwọn kún un.

Wọ́n ní ìwọ̀n wà nínú iṣẹ́ àwọn náà. Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ti àgbà, ti aboyún yàtọ̀ pátápátá, ewé sì wà tí wọn kì í ta fún aboyún láéláé. Bí ènìyàn bá mú kókó ọyàn wá, ọsibítù ni wọ́n ń ní kó lọ, torí ìyá wọn kò kọ́ wọn ní ewé tó ń tú u. Inú wọn ò dùn sí àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri gáréèjì, tí wọ́n ní ìgò kan ṣoṣo ń wo ibà, ìtọ̀ ṣúgà, rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ. Wọ́n ní àwọn yẹn ló ń ba ọjà àwọn jẹ́.

Èmi fẹ́ béèrè nǹkan kan: nọ́ńbà NAFDAC wà lára àwọn ìgò yẹn. Ṣé ìyẹn ò túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán an wò ni?

ApòògùnSábó

Ẹ bá mi kí Màmá yín gan-an ni. Àdùkẹ́, ẹ yí ìgò náà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ inú ìgò, ẹ máa rí i pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń wò wò. Fífi orúkọ ọjà sílẹ̀ yàtọ̀ sí kí ẹnì kan ti fún aláìsàn jẹjẹrẹ lóògùn náà, kó sì fi wọ́n wé àwọn tí kò lò ó. Èyí kejì yẹn ni paclitaxel ṣe kó tó dé ọwọ́ wa.

Tákié4Life

Ẹ fún Màmá ní ata ilẹ̀ pupa àti ewé ṣáwásọ́ọ̀pù. Mo rí i lórí WhatsApp pé ó lágbára ju kẹ́mó lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

LáàbùUnderG

Tákié4Life, mo mọ̀ pé ire lẹ ń fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Curcumin inú ata ilẹ̀ pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ní 2017 sì ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì kan yẹ gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ wò, wọ́n ní ó máa ń tan àyẹ̀wò láàbù jẹ, yóò dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti ṣe é. Ẹ fi se ọbẹ̀, kò burú. Ṣáwásọ́ọ̀pù ní annonacin, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ náà wà lára ohun tó ń pa. Ní erékùṣù Guadeloupe, níbi tí wọ́n ti ń jẹ èso rẹ̀ tí wọ́n sì ń mu omi ewé rẹ̀ púpọ̀, àwọn dókítà rí i pé àìsàn tó ń mú ara le gbagidi, tí ènìyàn kò ní lè rìn dáadáa mọ́, pọ̀ láàárín àwọn tó ń lò ó.

Nọ́ọ̀sìÀárọ̀

ỌmọAjílété, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ohun tí mo ń fojú rí ní wọ́ọ̀dù.

Obìnrin tó bá wá bí Màmá yín ṣe wá yìí, kí ó tó ràn kọjá abíyá, ìtọ́jú tí a ń ṣe fún un, ìtọ́jú kí àìsàn lè kúrò ni. Èyí tó bá padà sílé fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan lọ mu àgbo, tó padà wá nígbà tó ti dé egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ìtọ́jú kí ara lè dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ló kù tí a lè ṣe. Mo ti rí i títí ó fi sú mi. Àwọn obìnrin yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, owó ò sí, ẹni tí wọ́n fọkàn tán sì sọ̀rọ̀ sí wọn létí.

Nípa àgbo inú jálá yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu ún pọ̀ mọ́ kẹ́mó. Inú ẹ̀dọ̀ ni cyclophosphamide ti ń di ohun tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ náà ló sì ń palẹ̀ paclitaxel àti doxorubicin mọ́. Egbò tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ lè mú kí oògùn pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè lé e jáde kó tó ṣiṣẹ́. Àgbo tí wọ́n fi omi tútù rẹ tún lè ní kòkòrò nínú, ara tí kẹ́mó ti dín sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ kù kò sì lè bá kòkòrò jà. Ewúro tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sè sínú ọbẹ̀, oúnjẹ nìyẹn, kí wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa.

Irun Màmá máa re. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú, kí ẹ sì wá gèlè tó rọ̀ sílẹ̀. Yóò hù padà.

Ìbéjì_Kéjì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, torí àwọn kan rò pé oògùn tí wọ́n ṣe nínú láàbù kì í bá ara mu. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní, èyí tí wọ́n ń pè ní CML. Imatinib ni wọ́n ń lò, oògùn oníhóró, nílé, pẹ̀lú oúnjẹ. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà á. Wọ́n ṣì ń lọ sóko, wọ́n ṣì ń kọ́ ọmọ wọn níwèé.

ApòògùnSábó

Ìbéjì, mo dúpẹ́ pé ẹ dárúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo oògùn jẹjẹrẹ, òun ni mo fẹ́ràn jù láti máa sọ ìtàn rẹ̀. Ní 1960 ni wọ́n rí i ní Philadelphia pé krómósóòmù kan, ìyẹn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá, kúrú ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní CML. Ó yé wọn nígbà tó yá pé méjì ló já tí wọ́n so pọ̀ lódì, ibi tí wọ́n ti so pọ̀ náà ló ń bí purotéènì kan tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pọ̀ láìdúró. Nítorí náà àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì jókòó, wọ́n gbẹ́ nǹkan tó wọ ojú ihò purotéènì yẹn gẹ́ẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo. Igi kankan kò bí imatinib. 2001 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Láti 2003 ni ọsibítù OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún àwọn aláìsàn láti gbogbo Nàìjíríà lọ́fẹ̀ẹ́, nípasẹ̀ ètò ìrànlọ́wọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà gbé kalẹ̀. Àìsàn tí ẹni tó bá ní in tẹ́lẹ̀ kì í pẹ́ láyé, ènìyàn ti ń bá a dàgbà báyìí.

OníṣòwòẸ̀pà

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti òkè, ẹ kú iṣẹ́. Kí la lè jẹ kí jẹjẹrẹ má tilẹ̀ wá? Ọmọ mi ní kí n máa ra oògùn fítámì tí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì ṣe.

ApòògùnSábó

Ẹ jẹ kárọ́ọ̀tì, ẹ fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Ní Finland, wọ́n kó àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá jọ, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, wọ́n sì fún ìdajì wọn ní beta-carotene, ohun tó ń pọ́n kárọ́ọ̀tì. Wọ́n rò pé yóò dín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, ṣe ló pọ̀ sí i ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó lò ó. Irú àyẹ̀wò kejì ní Amẹ́ríkà rí ohun kan náà, wọ́n sì dá a dúró ní 1996 kó tó parí. Nǹkan inú oúnjẹ ni beta-carotene o, ẹ̀dá rẹ̀ kò níkà nínú. Ìwọ̀n ló yí i padà, àti irú ara tó wọ̀.

Oògùn tó ń dènà jẹjẹrẹ lóòótọ́ wà. Tamoxifen ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Nínú láàbù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é ní 1962, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni wọ́n ń wá tẹ́lẹ̀. Ó máa ń gba ipò họ́mónù obìnrin lára sẹ́ẹ̀lì ọyàn. Ní 1998, àyẹ̀wò lára obìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá, tí ewu jẹjẹrẹ ọyàn pọ̀ lórí wọn, fi hàn pé ó dín in kù ní nǹkan bí ìdajì. Dókítà nìkan ló lè sọ ẹni tó yẹ kó lò ó, torí ó lè mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ. ỌmọAjílété, bí kókó Màmá bá jẹ́ irú èyí tó ń jẹun lára họ́mónù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Owó rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti abẹ́rẹ́, ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń lò ó.

Àjẹsára wà pẹ̀lú. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré, láti dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Àjẹsára Hepatitis B fún ọmọ tuntun ń dènà jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ wọn ní 1984, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàárín àwọn ọmọ yẹn sì já wálẹ̀ gidigidi.

Iṣẹ́ tiyín gan-an tún kàn án. Ẹ̀pà tó bá bu, oró aflatoxin wà nínú rẹ̀. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí oúnjẹ ẹ̀pà tó ní oró yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Yíyan tàbí sísè kì í pa á tán. Bí ẹ̀pà bá ti bu, tó ti yí àwọ̀ padà tàbí tó ti súnkì, ẹ ṣà á dànù, ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ kúlíkúlí.

OníṣòwòẸ̀pà

Èyí tó bu yẹn làwọn kan ń rà ní ẹ̀dínwó láti fi ṣe kúlíkúlí, Olúwa mọ̀. Kí ni àgbẹ̀ lè ṣe láti oko?

LáàbùUnderG

Ìbàdàn nítòsí wa níbí ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà, àwọn ló ṣe Aflasafe pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà. Olú tín-ín-tín-ín tó ń mú ẹ̀pà bu ló ń ṣe oró aflatoxin, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kan wà tí kì í ṣe oró. Wọ́n fi bo hóró bàbà, àgbẹ̀ á fọ́n kílò mẹ́wàá sí hẹ́kítà kan kí àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó yọ òdòdó. Èyí tí kì í ṣe oró á gba ilẹ̀ mọ́ èyí tó ń ṣe oró lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa lórí tapólì, kó má kan ilẹ̀, ẹ má sì dì í sínú àpò nígbà tó ṣì lọ́rinrin.

BàbáÌjẹ̀rù

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi á ṣì máa mu ewúro mi. Ṣùgbọ́n ọmọ láàbù, mo ní egbò kan tí bàbá mi fi ń tọ́jú egbò ara tí kì í jiná. Mi ò sọ orúkọ rẹ̀ níta rí. Bí mo bá mú un wá, ṣé wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe gba ti àwọn yòókù?

LáàbùUnderG

Bàbá, ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ rí. Òdòdó tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé káàkiri ìlú, èyí aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí funfun, Catharanthus roseus, àwọn ará Jamaica ń mu omi ewé rẹ̀ fún ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n fi ewé náà ránṣẹ́ sí Canada. Robert Noble àti Charles Beer rí i pé kò ṣe nǹkan kan fún ṣúgà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku wọn já wálẹ̀. Ní 1958 wọ́n kéde vinblastine, ohun tó ń bá jẹjẹrẹ jà tí wọ́n yọ nínú ewé náà. Vincristine tẹ̀lé e, òun sì wà lára ohun tó ń gba àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ là títí dòní. Ewé gbígbẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò ni wọ́n ń lò kí gíráàmù vincristine kan tó jáde, nítorí náà kò sí ife àgbo tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò gbọ́ pé àwọn ará Jamaica tó mọ ewé náà rí èrè kankan níbẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Lóde òní àdéhùn àgbáyé kan wà, àdéhùn Nagoya ti 2010, Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ìmọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí èrè yóò ṣe pín, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ orúkọ egbò náà níbí. Ẹ má tíì mú un wá. Màá bá ọ̀gá mi tó ń darí iṣẹ́ mi sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn, kí ẹ fún lọ́yà tàbí ọmọ yín tó kàwé ní kó kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà la óò mú ẹ̀ka tó ní ewé àti òdòdó lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí ní Ìbàdàn, kí wọ́n fi dá igi náà mọ̀ dájú.

BàbáÌjẹ̀rù

Bẹ́ẹ̀ ni ká ṣe é. Mo ń retí rẹ. Ìwé náà kó jẹ́ Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́ o.

ỌmọAjílété

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Màmá àti àbúrò bàbá mi lánàá. Ìtàn igi tó ń dá ọkàn màlúù dúró yẹn ló mú àbúrò bàbá mi dákẹ́. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ò ní da àgbo náà nù, pé àwọn á gbé e padà sílé àwọn. Màmá fúnra wọn ló sọ pé àwọn á lọ lọ́jọ́ Ajé.

Nọ́ọ̀sì, ó ku ìbéèrè méjì. Wọ́n ti mu ife àgbo náà ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ṣé ká sọ fún dókítà? Kí ni ká máa ṣọ́ nílé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́?

Nọ́ọ̀sìÀárọ̀

Ẹ sọ ọ́. Ẹni tó po àgbo náà, ẹ lọ béèrè orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú ìwé náà dání. Ẹ̀bi kò sí níbẹ̀, wọn ò ní bínú sí yín. Wọ́n lè fẹ́ tún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín Màmá yẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ra tẹmómítà kan, ọ̀pọ̀ ilé oògùn ní in. Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì funfun máa ń kéré jù. Bí ara wọn bá gbóná tó 38°C lórí tẹmómítà lásìkò yẹn, ẹ má fún wọn ní oògùn ibà nílé, ẹ má sì dúró di ilẹ̀ mọ́. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lóru yẹn, kí ẹ sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé ní ẹnu ọ̀nà pé kẹ́mó ni wọ́n ń gbà.